Ìwé Tí Bàbá Mi Kò Tẹ̀ka Sí

Láti Àkóbọ̀ dé Òkè-Ààrẹmọ, ọkọ̀ méjì péré ni.
Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó bi mí.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo yà níbẹ̀, n kò ránṣẹ́ ṣáájú.
Múníràtù wà ní pálọ̀, ó ń wo fíìmù Íńdíà,
ó ní, "Bàbá ń sùn."
Wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá láti ìta.
Mo ṣí i. Òórùn ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀.
Èèrà ti bo ife omi tí ọwọ́ wọn kò tó,
nígbà tí mo sì yí wọn padà, mo rí egbò ní ìdí wọn,
ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé.
Làmídì Àlàmú, tó fi ọgbọ̀n ọdún
wa rélùweè láì jẹ́ kí ó pẹ́ dé ibùdókọ̀ kankan,
ń wò mí bí èrò tí ọkọ̀ ti já sílẹ̀.

Wọ́n ń gba owó ìfẹ̀yìntì lóṣooṣù.
Káàdì báǹkì wà ní ìṣẹ́tí ìró Múníràtù.

Lọ́jọ́ Ajé mo gba Ìyágankú lọ.
Lọ́yà Ọláyíọyè bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.
"Ṣé orí Bàbá ṣì pé?"
Mo ní ó pé. Wọ́n máa ń gbàgbé oúnjẹ àárọ̀,
àbí ẹnikẹ́ni ò fún wọn ni, n kò mọ̀.
"Tí orí wọn bá pé, àwọn ló ni ẹjọ́.
O kò lè yá ẹnu alààyè lò.
Wọ́n lè fi ìwé yàn ọ́ ní aṣojú, kí o máa bójú tó owó wọn.
Tí orí bá ti lọ, ìwé yẹn ò wúlò mọ́,
adájọ́ ló máa yan alágbàtọ́, ìyẹn sì máa ń pẹ́.
Wẹ́fíà wà, wọ́n lè wá wo yàrá.
Ọlọ́pàá wà: títi àgbàlagbà mọ́lé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹbí nìkan.
Kóòtù ìbílẹ̀ wà, bí Bàbá bá fẹ́ kọ ìyàwó.
Ya fọ́tò egbò náà. Gba ìwé dókítà ní Adéọ̀yọ́.
Má lu ìyàwó o. Bí o bá lù ú, ẹjọ́ ti yí padà."
Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn rìsíìtì búrẹ́dì.
N kò sọ fún un pé ọwọ́ ti ń yún mi.

Mo gbé ìwé dé, mo gbé íńkì dé.
Mo kà á fún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀.
Wọ́n na àtàǹpàkò, mo kì í bọ íńkì,
wọ́n wá dá ọwọ́ dúró lókè ìwé.
"Ẹ̀ẹ̀melòó lo wá lọ́dún yìí?"
Mo dákẹ́.
"Orúnkún ń dun òun náà. Ṣé o mọ̀?
Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí mo fẹ́ ẹ.
N kò tọ́jú rẹ̀ dáadáa nígbà tí mo lágbára.
Kò sí kóòtù tó gbọ́ ìyẹn."
Mo ní, Bàbá, egbò wà ní ìdí yín.
Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Èmi ni mo ń sùn lé e."

Íńkì gbẹ mọ́ wọn lọ́wọ́.
Mo bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, mo fi ọṣẹ fọ àtàǹpàkò náà,
bí mo ti bẹ̀rẹ̀, mo fọ apá, mo fọ ẹ̀yìn.
Múníràtù yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó wò wá títí.
Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ń pè é ní "ó".
Wọ́n lọ, wọ́n mú kànìnkànìn wá, wọn kò sọ nǹkan kan.

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà, mo fi í sínú báàgì mi.
Lọ́yà kò sọ ìyẹn.
Ìwé ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kò sí déètì lórí.
Dókítà ń bọ̀ ní Ọjọ́rú. Èmi náà ń bọ̀.
Dúdú yẹn kò tíì kúrò lábẹ́ èékánná wọn.